Bí Ọ̀pá Ìbọn Ṣe Gùn Tó

Bánjọ: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tó wà lókè òkun. Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé, bàbá mi tó ń ṣọdẹ ní Ìjẹ̀bú-Igbó kì í fọwọ́ kan ìbọn tí ọ̀pá rẹ̀ kúrú. Wọ́n ní kò lágbára. Ṣé òótọ́ ni?

Káyọ̀dé: Òótọ́ wà níbẹ̀ dáadáa. Tí ẹ̀tù bá gbiná, èéfín gbígbóná ló ń ti ọta lẹ́yìn. Bí ẹni ń ti mọ́tò ni: ibi tí o bá ti fi í sílẹ̀, agbára tuntun ò tún wọ̀ ọ́ mọ́. Ọ̀pá gígùn ń jẹ́ kí títì náà pẹ́. Ìbọn M16 àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ínṣì 20 ni ọ̀pá rẹ̀. Ti M4, ìbọn wọn mìíràn tó kúrú jù ú lọ, jẹ́ 14.5. Ọta kan náà ni, M855. Nínú M16, ó ń sáré tó nǹkan bí 3,100 ẹsẹ̀ bàtà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú M4, bí 2,900.

Bánjọ: Áà! Ínṣì márùn-ún àbọ̀ péré ló fa ìyẹn?

Káyọ̀dé: Òun ni. Nítòsí, o lè má mọ̀ ọ́n. Àmọ́ tó bá jìnnà, ọta tí eré rẹ̀ dín á tètè máa wálẹ̀, atẹ́gùn á sì máa gbé e kúrò lọ́nà. Ẹ̀tù tí kò jó tán nínú ọ̀pá á wá jó síta: iná á bù yẹ̀rì lẹ́nu ìbọn, ariwo á dini létí.

Bánjọ: Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí wọn ò kúkú ṣe é gùn bí òpó iná?

Káyọ̀dé: Ẹ̀tù ló ń pinnu. Ọta .22 kékeré yẹn, ẹ̀tù rẹ̀ ò pọ̀. Ní nǹkan bí ínṣì 16, ó ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán. Lẹ́yìn ìyẹn, irin á máa há ọta mọ́ra, eré rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o bá mi sọ fún Bàbá o: gígùn kọ́ ló ń mú kí ìbọn ba ojú àmì. Ọ̀pá kúkúrú tó nípọn lè bà á ju gígùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ, torí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ̀n.

Bánjọ: Màá jíṣẹ́, sà.

Káyọ̀dé: Ẹ̀yin tẹ ní ráífù ní Amẹ́ríkà, ẹ dákun, ẹ má gbé ayùn sí i. Láti 1934 ni òfin ti wà níbẹ̀. Ráífù tí ọ̀pá rẹ̀ kò tó ínṣì 16, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ kẹ́ ẹ tó gé e. Ẹ̀wọ̀n ni ẹni tí kò bá gbàṣẹ ń wá.