Níbo Lo Wà Lọ́jọ́ Tí Bọ́ǹbù Bú ní Ìkẹjà?

Bíbélì kíkà: Lúùkù 13:1–5, Diutarónómì 22:8, Róòmù 12:15

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. A kú ojúmọ́. Ojúmọ́ ire ni yóò máa mọ́ wa o. Kí oníkálukú tó sáré jáde lọ bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ jẹ́ ká jókòó ti ọ̀rọ̀ kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Bí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni tó ń gbé Èkó lọ́dún 2002 pé níbo ló wà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 27 oṣù Kìíní, kò ní ronú kó tó dá yín lóhùn. Á sọ ibi tó dúró sí, á sọ aṣọ tó wọ̀, á sọ ohun tó gbé kaná. Àwọn ọmọ wa tí a ò tíì bí nígbà náà máa ń wò wá lẹ́nu ni, torí kò sẹ́ni tó máa ń jẹ́ kí ẹnì kejì sọ tiẹ̀ tán kó tó já tiẹ̀ lù ú.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Iná kan jó dé ibi tí àwọn ológun kó àdó olóró àti ọta sí nínú bárékè Ìkẹjà, láàárín ìgboro, ibi tí ilé, ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì yí ká. Ìró àkọ́kọ́ dún, àwọn kan ní taya tírélà ló bẹ́. Nígbà tí èyí tó tẹ̀ lé e dún, ilẹ̀ mì, gíláàsì wíńdò ń já wálẹ̀, àjà ilé ń wó lu àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀run pọ́n lójú bí ìgbà tí wọ́n bá ń sun igbó. Kò sì dáwọ́ dúró. Ó ń bú lọ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó tún ń bú lóru.

Ẹ rántí bí nǹkan ṣe rí nígbà yẹn. Oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ni wọ́n yìnbọn pa Olóyè Bọ́lá Ìgè, mínísítà ètò ìdájọ́, nínú ilé rẹ̀ n'Íbàdàn. Ìjọba alágbádá ò tíì pé ọdún mẹ́ta lórí oyè. Torí náà, ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé àwọn ṣọ́jà ti tún gbàjọba. Àwọn mìíràn ní ogun ló dé. Nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan, àwọn èèyàn wólẹ̀, wọ́n ní Jésù ló ń bọ̀. Ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ ní Nàìjíríà, ọwọ́ àwọn tó rí jájẹ ló wà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lóde ìkómọ ní Ìsọlọ̀ ò ní ọ̀nà kankan tó lè fi mọ̀ bóyá ó wà láàyè, àfi kó gbéra kó fẹsẹ̀ rìn lọ wá a. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù gbọ́ ọ nínú ìròyìn, wọ́n ń pe nọ́ńbà ilé, kò wọlé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti di ẹkún ńlá ni Òkè-Àfá. Àwọn tó ń sá láti ìhà Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ forí lé ọ̀nà Èjìgbò, torí ó dà bíi pé ibẹ̀ jìnnà sí iná. Odò kánáàlì ló wà láàárín. Koríko orí omi ti bo kánáàlì náà, ó tutù minimini, ilẹ̀ sì ti ṣú. Ẹni tí kò mọ àdúgbò rò pé pápá ni. Àwọn tó wà níwájú bọ́ sínú rẹ̀, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò mọ̀, wọ́n ń tì wọ́n, àwọn náà ń já lé wọn lórí. Àwọn obìnrin tó pọn ọmọ wà níbẹ̀, àwọn ọmọ kéékèèké tó di ara wọn lọ́wọ́ mú náà wà níbẹ̀. Àwọn tó ṣòfò ẹ̀mí lọ́jọ́ yẹn lé ní 1,000, omi ló sì gbé èyí tó pọ̀ nínú wọn. Àwọn tó sá fi ilé wọn sílẹ̀ tó nǹkan bí 20,000.

Èmi wà ní Agége. Àǹtí mi kan wà ní Máfolúkù tó ń dirun lọ́wọ́ lábẹ́ àtíbàbà. Onídìrí ti dì í dé ìdajì orí nígbà tí ilẹ̀ mì. Onídìrí sá gba ọ̀tún, àǹtí mi sá gba òsì, òòyà wà lórí rẹ̀ síbẹ̀. Bó ṣe ń sá lọ ló rí i pé nǹkan wúwo lára ìró òun. Ó wolẹ̀, ó rí ọmọkùnrin kékeré kan tó fọwọ́ méjèèjì di etí ìró náà mú. Kò mọ ọmọ náà rí. Ó ní ọkàn òun sọ pé kí òun já a dànù kí òun lè sáré dáadáa, òun sì dúró bí ìgbà tí ẹsẹ̀ bá dì mọ́lẹ̀. Ó gbé ọmọ náà kọ́ ẹ̀yìn, ó so ó mọ́ra pẹ̀lú gèlè, wọ́n jọ sùn sínú ọgbà ilé ìwé kan. Ọmọ náà ò mọ ju orúkọ ara rẹ̀ lọ àti “Bàbá Risi.” Ẹ bá mi wá Bàbá Risi láàárín Òṣòdì lọ́sẹ̀ yẹn! Inú ọ̀sẹ̀ náà ni wọ́n tó rí i, níbi tí wọ́n kó àwọn ọmọ tó sọ nù jọ sí, tí àwọn òbí ń tò lọ tí wọ́n ń yẹjú wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìgbà yẹn, orí àǹtí mi dí lápá kan, apá kejì dúró wúruwùru, kò sì bìkítà.

Ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá láàárọ̀ yìí ni pé tí a bá ń sọ ibi tí a wà, ẹ̀rí bí orí ṣe yọ wá la máa ń fi ṣe. “Ọlá Olúwa ni mo jẹ.” “Ẹ̀mí Mímọ́ ló ní kí n má lọ sí òde yẹn.” Kò burú. Ẹni tí a yọ nínú ewu tí kò dúpẹ́, abara-móore-jẹ ni. Àmọ́ mo ti jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan rí, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí ìṣẹ̀lẹ̀ náà, tí arákùnrin kan gbé gbohùngbohùn tó ní, “Olúwa mọ àwọn tirẹ̀!” Gbogbo ìjọ ké Halelúyà. Lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, obìnrin kan tí omi Òkè-Àfá gbé ọmọ rẹ̀ jókòó. Kò ké Halelúyà. Ó mú báàgì rẹ̀, ó dìde, ó sì rọra jáde. Tí a bá ní Olúwa mọ àwọn tirẹ̀, ọmọ ta wá ni ọmọ obìnrin yẹn?

Jésù dáhùn ọ̀rọ̀ yìí nínú Lúùkù orí 13. Wọ́n wá ròyìn àwọn ará Gálílì tí Pílátù pa fún un. Òun fúnra rẹ̀ wá fi ti àwọn méjìdínlógún tí ilé ìṣọ́ wó pa ní Sílóámù kún un. Ó mọ ohun tí wọ́n ń rò: kí ni wọ́n ṣe? Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà nídìí ọ̀rọ̀ wọn? Ó bi wọ́n pé, ṣé ẹ rò pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni wọ́n ju gbogbo ará Jerúsálẹ́mù lọ ni? Ó sì fúnra rẹ̀ dáhùn: “Mo wí fún yín, bẹ́ẹ̀ kọ́.” Kò ṣàlàyé ìdí tó fi jẹ́ àwọn yẹn ni ilé wó lù. Àwọn tó dúró síwájú rẹ̀, tí nǹkan kan ò ṣe, ló kọjú sí, ó ní kí wọ́n ronúpìwàdà.

Ẹ ò rí i pé òdì kejì ohun tí àwa máa ń ṣe nìyẹn? Ìwà àwọn tó kú la máa ń yẹ̀ wò. Jésù ní kí àwọn tó kù yẹ ara wọn wò.

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan kún un, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bínú kó bínú. Ilé ìṣọ́ kì í ṣàdédé wó. Bíríkìlà kan ló kọ́ ọ, ọ̀gá kan ló gba iṣẹ́, ẹnì kan ló rí ibi tó ti sán tó sì gbójú kúrò. Bọ́ǹbù Ìkẹjà ò jábọ́ láti ọ̀run. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀gá ológun tó ń ṣàkóso bárékè náà bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó tọrọ àforíjì, ó ní ibi tí nǹkan ìjà náà wà ti gbó, wọ́n ṣì ń gbìyànjú láti tún un ṣe ni ìjàǹbá fi ṣẹlẹ̀. Ó kéré tán, ó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwa Kristẹni ló tún ń sọ pé “Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n,” a fi orúkọ Olúwa bo ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe mọ́lẹ̀. Òfin tí Ọlọ́run yìí kan náà fún Ísírẹ́lì nínú Diutarónómì ni pé ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun gbọ́dọ̀ mọ odi kékeré yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má bàa jábọ́ láti orí rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa wà lọ́rùn ilé náà. Ọlọ́run tó ń bójú tó etí òrùlé ò lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú bọ́ǹbù láàárín ìlú.

Torí náà, ìwọ lánlọ́ọ̀dù tó mọ̀ pé wáyà iná ilé rẹ ti bó, tí ayálégbé sì ti pariwo títí, ìronúpìwàdà tìrẹ láàárọ̀ yìí ni kó o pe oníṣẹ́ iná. Ìwọ tó ń kó kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù sábẹ́ àtẹ̀gùn ilé tí ọmọdé ń sùn sí, gbé e kúrò kó o tó jáde. Ìwọ awakọ̀ tó mọ̀ pé bíréèkì ò mú mọ́, má dá Ọlọ́run wò.

Ẹ̀yin tí ẹ pàdánù èèyàn lọ́jọ́ yẹn, tàbí nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú Dana já ní Ìjù-Ìṣàgá lọ́dún 2012, tàbí nígbà tí àwọn agbébọn ya bo ṣọ́ọ̀ṣì Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì ọdún 2022, mi ò ní wàásù sí yín létí. Pọ́ọ̀lù ò sọ pé ká wàásù fún àwọn tó ń sọkún. Ó ní ká bá wọn sọkún. Ọ̀wọ̀n ìrántí wà ní Òkè-Àfá, àwọn mọ̀lẹ́bí sì ń péjọ síbẹ̀ lọ́jọ́ 27 oṣù Kìíní. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé itòsí, ẹ yà síbẹ̀ nígbà tí ọjọ́ náà bá pé. Ẹ má mú ẹ̀rí dání. Ẹ dúró tì wọ́n. Bí ẹ bá sì mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ẹ pè é lónìí, kẹ́ ẹ bi í pé irú ọmọ wo ni ọmọ rẹ̀ yẹn, kí ló fẹ́ràn láti máa jẹ, kí ni wọ́n máa ń pè é nílé. Àwọn èèyàn máa ń bẹ̀rù láti béèrè, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ tú egbò. Àwọn ọlọ́fọ̀ tí mo mọ̀ ní bí ẹnikẹ́ni ò ṣe pe orúkọ ọmọ náà mọ́ ló ń dùn wọ́n jù.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run, a dúpẹ́ pé a jí. Kì í ṣe pé a mọ́ ju àwọn tí kò jí lọ. Àánú rẹ ni. Gba ọpẹ́ wa.

Olúwa, dárí jì wá níbi tí a ti fi ẹ̀rí wa ṣá ọmọnìkejì wa lọ́gbẹ́. Dárí jì wá níbi tí a ti wá ẹ̀ṣẹ̀ kiri lára òkú. Fún wa ní ahọ́n tó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́.

Ọlọ́run olùtùnú, gbogbo ìyá tí kò rí òkú ọmọ rẹ̀ sin, gbogbo bàbá tó wá ọmọ títí tí kò rí, rántí wọn lónìí. Àwọn ọmọ tó dàgbà láìmọ ojú òbí wọn láti ọjọ́ náà, Olúwa, ìwọ ni kó o ṣe bàbá, kó o ṣe ìyá fún wọn. Ẹni tí kì í lè sùn bí ààrá bá sán, bá a mú ọkàn rẹ̀ rọlẹ̀.

Àwọn tó gbé ọmọ ọlọ́mọ sáré lọ́jọ́ náà, tó bá jẹ́ pé wọ́n wà láàyè, san án fún wọn. Bí wọ́n bá sì ti lọ, san án fún àwọn ọmọ wọn.

Ìwọ Onídàájọ́ òdodo, gbogbo ẹni tí ẹ̀mí èèyàn wà níkàáwọ́ rẹ̀, ní bárékè, ní pápákọ̀ òfuurufú, nílé epo, ní ojú títì, nílé ìwòsàn, má jẹ́ kí oorun kùn wọ́n lẹ́nu iṣẹ́. Àṣìṣe tí wọ́n ti rí tí wọ́n ń fi falẹ̀, Olúwa, má jẹ́ kí wọ́n rímú mí títí wọn yóò fi tún un ṣe. Àwa náà, má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni wà lọ́rùn ilé wa.

A fi àtijáde wa lónìí lé ọ lọ́wọ́. Ẹ̀bá ọ̀nà, inú mọ́tò, inú ọjà, má jẹ́ ká rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Bí ibi bá sì dé sí àárín wa, tí ọmọ tí a kò mọ̀ rí bá di aṣọ wa mú, Olúwa, má jẹ́ ká já a dànù. Ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa ni a gbàdúrà.

Àmín.