Ohùn Ni Alárinà: Bí Ọmọ Ṣe Ń Mọ Ohun Tí A Kò Kọ́ Ọ

Ẹ̀yin olùkọ́ wa ní Àgbádárìgì, ẹ kú ìjókòó. Mo mọ̀ pé ooru ń mú, n kò ní pẹ́ jù.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ Ègùn kan láti Àjárà. Bí ìyá rẹ̀ bá ní kó gbé osin wá, omi ló máa gbé. Ó dé kíláàsì yín, ẹ nawọ́ sí omi inú kọ́ọ̀bù, ẹ ní, "Omi." Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé osin náà ni omi. Síbẹ̀, bí ìyá rẹ̀ bá bi í lálẹ́ pé kí ni Yorùbá ń pe osin, kíá ló máa dáhùn. Ta ló kọ́ ọ?

Ohun tí Murray Sidman, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí nìyẹn. Ní 1971, ó kọ̀wé nípa ọmọkùnrin ọdún 17 kan tí ọpọlọ rẹ̀ kò dàgbà bó ṣe yẹ. Tí wọ́n bá dárúkọ nǹkan, ọmọ náà á nawọ́ sí àwòrán rẹ̀. Tí wọ́n bá fi àwòrán hàn án, á dárúkọ rẹ̀. Ìwé kíkà ni kò mọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n wá kọ́ ọ lórí ọ̀rọ̀ 20: tó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀, kó mú ọ̀rọ̀ náà láàárín èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀. Bó ṣe mọ ìyẹn, ló bá ń so ọ̀rọ̀ kíkọ pọ̀ mọ́ àwòrán, ló tún ń kà á sókè. Wọn ò kọ́ ọ ní méjèèjì.

Ohùn ló ṣe alárinà. Ẹ sì mọ ohun tí àwọn àgbà wí: bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà á yẹ̀bá.

Ní 1982, Sidman àti William Tailby sọ ohun tí a ó fi mọ̀ pé àwọn nǹkan ti di ẹbí kan lọ́kàn ẹni: kí ọmọ lè mú ohun kan mọ́ irú rẹ̀ gan-an, kí ọ̀nà ní àlọ àti àbọ̀ (bí osin bá jẹ́ omi, kí omi náà jẹ́ osin), kí alárinà lè so nǹkan méjì tí kò tíì pàdé rí pọ̀. Àbọ̀ yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dán ọ̀bọ wò: wọ́n kọ́ wọn ní àlọ, wọ́n mọ̀ ọ́n, àbọ̀ ni wọn ò mọ̀. (Kìnnìún òkun kan tó ń jẹ́ Rio mọ̀ ọ́n ní 1993, nítorí náà ká má tíì fi ọmọ ènìyàn yangàn jù.)

Èrè rẹ̀ pọ̀ fún olùkọ́. Nǹkan mẹ́ta (ohùn, àwòrán, ọ̀rọ̀ kíkọ), ẹ kọ́ ọmọ ní ìsopọ̀ 2 láti ara ohùn, 4 á jáde fúnra wọn: àbọ̀ méjèèjì, àti àlọ òun àbọ̀ láàárín àwòrán àti ọ̀rọ̀ kíkọ. Nǹkan mẹ́rin, ẹ kọ́ ọ ní 3, 9 á jáde.

Kí ló wá dé tí àwọn ọmọ wa ń kígbe "A, ajá, B, bàtà" láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì, tí wọn ò sì lè kàwé? Ẹ fi ọwọ́ bo àwòrán ajá yẹn lára ògiri, ẹ ó rí i pé ariwo á dákẹ́. Àwòrán ni wọ́n ń wò. Kò sígbà kankan tí ọ̀rọ̀ kíkọ dá dúró níwájú wọn, kí wọ́n yàn án láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Èmi náà ti jìn sí kòtò yìí rí. Mo fi káàdì tí mo kọ ọ̀rọ̀ sí kọ́ ọmọbìnrin kan. Mo pe ẹja, ó mú ẹja. Mo da káàdì rú, ó tún mú un. Inú mi dùn débi pé mo pe olùkọ́ kejì wá wò ó. Ìgbà tí mo ń kó káàdì jọ ni mo rí i pé epo pupa ti kán sí igun káàdì ẹja, láti ara mọ́ínmọ́ín tí mo jẹ lọ́sàn-án. Epo ti wọ inú ẹbí, lẹ́tà ló wà níta.

Mo kọ káàdì tuntun. Mo pe ẹja. Ó mú ọjà.