Lupus àti Àwọn Ohun Tí Ń Gbé Inú Ìfun Wa

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ sin òbí yín wá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí gbọ́. Ẹni tó bá ní lupus, tó sì ń lo oògùn tí dókítà kọ fún un, kó má ṣe torí ọ̀rọ̀ ìfun pa oògùn náà tì. Ẹ̀gbẹ́ oògùn ni ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí wà.

Ẹ mọ̀ pé nínú àìsàn yìí, ètò tó yẹ kó máa dáàbò bo ara ló ń bá ara jà, bí ọlọ́dẹ àdúgbò tó kọjú ìbọn sí onílé. Ó lè mú oríkèé, awọ, ẹ̀jẹ̀, ọkàn àti kíndìnrín. Nínú èèyàn 10 tó ní i, nǹkan bí 9 ló jẹ́ obìnrin, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwa èèyàn dúdú ju láàárín àwọn òyìnbó lọ. Síbẹ̀ a ṣì ń gbọ́ pé àìsàn òyìnbó ni! Ní 2009, Adélọ́wọ̀ àti Ògúntọ́nà tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde láti Èkó: nínú aláìsàn 1,250 tó wá torí oríkèé àti eegun, 66 ló ní lupus. Ta ló mọ iye àwọn tí wọ́n ti ń pe tiwọn ní làkúrègbé, ní ibà tí kò gbóògùn, tàbí ní ọwọ́ ayé?

Kí wá ló kan ìfun níbẹ̀? Ara ògiri ìfun ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ sẹ́ẹ̀lì tí ń dáàbò bo ara ń gbé, níbi tí àìmọye bakitéríà, àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tí ojú kò lè rí, wà. Bí ògiri náà bá gún régé, kálukú á dúró sí àyè tirẹ̀. Ní 2018, ikọ̀ Martin Kriegel ní Yunifásítì Yale kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science pé bakitéríà kan, Enterococcus gallinarum, ń gba ògiri ìfun kọjá lára irú eku kan tí lupus máa ń mú. Ó ń dé inú ẹ̀dọ̀, ó sì ń ru ètò ààbò ara sókè. Nígbà tí wọ́n fún àwọn eku náà ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tó dojú kọ bakitéríà yìí, ẹ̀mí wọn gùn sí i. Wọ́n tún bá a nínú ẹ̀dọ̀ àwọn èèyàn kan tó ń ṣàìsàn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Gregg Silverman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York yẹ ìgbẹ́ obìnrin 61 tó ní lupus wò. Bakitéríà mìíràn, Ruminococcus gnavus, pọ̀ lára wọn ní nǹkan bí ìlọ́po 5 ju ti àwọn tí ara wọn dá lọ, pàápàá lára àwọn tí àìsàn náà ti dé kíndìnrín wọn.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Pé a bá nǹkan méjì lójú kan náà kò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Àìsàn náà fúnra rẹ̀ lè yí inú ìfun padà, oògùn àti oúnjẹ náà lè yí i padà.

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ni pé: "Ṣé kí n ra probiotic, ìyẹn bakitéríà tí wọ́n ń tà fún ìlera ikùn?" Ẹ gbọ́ ìtàn eku méjì. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ní Virginia Tech fún irú eku kan tó ní lupus ní àpòpọ̀ Lactobacillus, kíndìnrín àwọn eku náà sì sàn sí i. Ní 2019, ikọ̀ Kriegel kan náà fún irú eku mìíràn ní Lactobacillus reuteri, àìsàn náà sì le sí i. Bakitéríà tí wọ́n kọ "ó dára fún ikùn" sára ìgò rẹ̀ ni o. Bó ṣe rí lára eku yìí kọ́ ló rí lára tọ̀hún, ta ló wá lè fi ọwọ́ sọ̀yà fún yín nípa kápúsù olówó gọbọi tí wọ́n ń tà lórí WhatsApp?

Apá kejì ìwádìí 2019 yẹn ló wù mí jù. Wọ́n fi oúnjẹ kan bọ́ àwọn eku náà, oúnjẹ tí sítáàṣì inú rẹ̀ kì í dà nínú ìfun kékeré. Nígbà tó dé ìfun ńlá, àwọn bakitéríà ibẹ̀ jẹ ẹ́, wọ́n sì sọ ọ́ di àwọn ásíìdì tí ń fún ògiri ìfun lókun. L. reuteri dínkù, àìsàn náà sì rọlẹ̀. Eku ni, kì í ṣe èèyàn. Ṣùgbọ́n ní tèmi, kí á bọ́ àwọn tó ti ń gbé inú wa dáadáa sàn ju kí á máa fowó ra àlejò lọ.

Oúnjẹ wo nìyẹn nílé wa? Ẹ̀wà ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ, àti òtílí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti ń gbàgbé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì pọ́n, ilá, ewédú, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Ẹ̀kọ tó ti tutù nínú ewé sàn ju gbígbóná lọ nípa irú sítáàṣì yìí. Ó dùn mí pé nígbà tí a bá sẹ́ ògì tán, eèrí tí fáíbà, ìyẹn apá oúnjẹ tí kì í dà nínú ìfun kékeré, wà nínú rẹ̀ ni a ń gbé fún ewúrẹ́! Ẹ má fi fáíbà kún oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ni, kí inú má baà wú.

Àwọn kan á ní ògì àti irú ti ní bakitéríà tó dára. Òótọ́ ni pé bakitéríà ló ń ṣiṣẹ́ nínú wọn, ṣùgbọ́n iná ti pa ọ̀pọ̀ nínú bakitéríà náà kó tó dé ẹnu wa. Omidùn ni kò kan iná. Ẹni tó bá ń lo prednisolone tàbí oògùn tí ń tẹ ètò ààbò ara rì, kó má mu omidùn tí kò mọ omi tí wọ́n fi ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kíndìnrín ni kí ẹ fetí sí jù. Nǹkan bí ìdajì àwọn àgbàlagbà tó ní lupus ni ó máa ń kan kíndìnrín wọn. Bí iṣẹ́ kíndìnrín bá ti dínkù, ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀fọ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn lè di ewu, torí pọtásíọ́mù inú wọn, èròjà tí kíndìnrín tí kò lágbára kì í lè yọ dáadáa. Ẹ béèrè èsì àyẹ̀wò ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ yín kí ẹ tó yí oúnjẹ padà. Bí ìtọ̀ bá ń hó bí ọṣẹ, tí ẹsẹ̀ sì ń wú, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín.

Àgbo "afọnú" ń kọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru máa ń fa omi ara gbẹ, ìyẹn sì ń ni kíndìnrín lára, a ò sì mọ ohun tó wà nínú ìgò. Alfalfa náà, ewéko kan tí wọ́n ń tà ní kóró àti ní lẹ́búlẹ́bú, ẹ yẹra fún un: èròjà canavanine inú rẹ̀ ti fa ohun tó jọ lupus lára ọ̀bọ nínú ìwádìí.

Ẹ ti lè gbọ́ nípa gbígbé ìgbẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ dá sínú aláìsàn. Ní China, wọ́n dán an wò lára aláìsàn lupus 20, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2022. Èsì rẹ̀ mú ìrètí wá, ṣùgbọ́n wọn kò ní àwọn mìíràn tí wọ́n máa fi wé wọn. Ní 2019, àjọ FDA, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ lẹ́yìn tí irú ìtọ́jú yìí gbé bakitéríà tí oògùn kò ràn sínú èèyàn méjì tí ètò ààbò ara wọn kò lágbára, tí ọ̀kan sì kú. Ilé ìwádìí ni kó ṣì wà.

Ìyá kan béèrè lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi pé mycophenolate, oògùn lupus kan, ń mú kí ọmọ òun máa yàgbẹ́ gbuuru, ṣé kí ọmọ náà dá a dúró títí ìfun á fi balẹ̀. Rárá, mà. Oògùn náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lára àwọn kan. Ẹ pe dókítà rẹ̀ lónìí: ó lè pín ìwọ̀n rẹ̀ sí ìgbà púpọ̀ lóòjọ́, ó lè dín in kù, ó sì lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Kí ọmọ máa mu omi iyọ̀ òun ṣúgà tí wọ́n ń tà ní sáṣẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì kọ iye ìgbà tó yàgbẹ́ sílẹ̀, torí ohun tí dókítà máa kọ́kọ́ bi yín nìyẹn.