Òfin Inú Fíìmù àti Ẹnu Lámèyítọ́

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ olólùfẹ́ fíìmù sọ ní Àkúrẹ́. Mo tún un kọ fún ẹ̀yin tí kò ráyè wá.)

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ kú ìjókòó o.

Inú ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí ni Òkè-Igbó wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí D. O. Fágúnwà, tó gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Ǹjẹ́ ẹ gbọ́ ọ rí kí ẹnìkan ka ìwé yẹn tán, kó ní kò dára nítorí pé òun kò rí iwin rí? Síbẹ̀, bí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ bá di fíìmù, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni, "Èyí kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé." Ẹjọ́ èrú nìyẹn, ó sì máa ń dùn mí.

Fíìmù abàmì a máa ṣòfin fún ara rẹ̀. Ohun tó kan ẹni tó fẹ́ dá a lẹ́jọ́ ni bóyá ó pa òfin náà mọ́. Ẹ wo Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde lórí Netflix ní 2022. Ẹyẹ Àkàlà jí Sàró, ẹni tí ìtàn náà dá lé, dìde nígbà tó kú, àdó tí ẹyẹ náà fi sílẹ̀ ni Sàró sì wá fi ń jí òkú. Láti ìgbà yẹn la ti mọ̀ pé inú àdó ni agbára wà, kò sí lára Sàró. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ ọba kú, tí agbára àdó náà kò sí lọ́wọ́ Sàró mọ́, tó sa gbogbo ipá rẹ̀ tí òkú kò dìde, kò sẹ́ni tó lè ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ká ní òkú yẹn dìde ni, fíìmù náà ìbá ti rú òfin ara rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè ráhùn pé ó gùn, ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀ dúró gbọn-in.

Bí iwin inú fíìmù bá jọ ẹni tó kàn da aṣọ funfun bora, ẹ sọ ọ́, àbùkù ni. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ẹ̀rù ti ń bà yín kí iwin náà tó yọjú. Ìlù àti ojú òṣèré lè ṣe ohun tí kọ̀ǹpútà olówó ńlá kò lè ṣe.

Àwọn lámèyítọ́, ìyẹn àwọn tó ń wo fíìmù tí wọ́n sì ń kọ èrò wọn nípa dídára àti àbùkù rẹ̀, wá ńkọ́? Òótọ́ ni pé irọ́ ti wọ àárín wọn rí. Ní 2001, àṣírí tú pé David Manning, lámèyítọ́ tí ilé-iṣẹ́ fíìmù Sony ń fi ọ̀rọ̀ ìyìn rẹ̀ polówó fíìmù, kò sí láyé rárá. Inú ilé-iṣẹ́ náà ni wọ́n ti hùmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣì í wò yàtọ̀ sí òpùrọ́. Nígbà tí fíìmù abàmì The Wizard of Oz jáde ní 1939, lámèyítọ́ ìwé ìròyìn The New Yorker bù ú lulẹ̀ pátápátá. Ó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi lè bá a jiyàn dòní.

Nọ́ńbà ló ń ṣi èèyàn lọ́nà jù. Bí Rotten Tomatoes, ìkànnì ayélujára tó ń kó èrò àwọn lámèyítọ́ jọ, bá kọ 90%, kì í ṣe pé fíìmù náà gba máàkì 90 nínú 100. Ohun tó ń sọ ni pé mẹ́sàn-án nínú lámèyítọ́ mẹ́wàá ní ó dára, ó sì lè jẹ́ pé "kò burú" lásán ni gbogbo wọn wí. Fíìmù tí ìdajì wọn fẹ́ràn bí ẹ̀mí wọn, tí ìdajì kò fẹ́ rí sójú, 50% péré ló máa gbà, ìkànnì náà á sì kà á mọ́ tòmátì tó ti rà, ìyẹn fíìmù tí kò dára. Bẹ́ẹ̀, irú fíìmù tí à ń sọ yìí ló sábà máa ń pín èèyàn sí méjì.

Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta wá ni ká gbà gbọ́?" Mo ní kó mú fíìmù mẹ́ta tó mọ̀ dunjú, kó ka ohun tí lámèyítọ́ kan kọ nípa wọn. Bí onítọ̀hún bá ń tọ́ka sí ibi kan pàtó nínú fíìmù, tó ń sọ ohun tó bà á jẹ́ tàbí ohun tó mú un dùn níbẹ̀, kó máa kà á lọ, kódà bí ẹnu wọn kò bá kò. Bó bá jẹ́ ìràwọ̀ márùn-ún àti "fíìmù yìí gbóná" nìkan ló rí, kó wá ẹlòmíràn. Ó tún bi mí bóyá ó burú kí olóòtú fún lámèyítọ́ ní tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́. Mo ní kò burú, bó bá ti lè sọ ọ́ fún àwọn tó ń ka iṣẹ́ rẹ̀.