Ta Ló Bi Àwọn Bàbá Tó Lọ sí Bóómà Léèrè?

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà níjòókòó, mo kí yín o. Ẹni tó bá ń gba Mọ́kọ́lá kọjá n'Íbàdàn mọ bárékè Letmauk. Ará Èkó mọ Arakan ní Àpápá, ó sì mọ Myohaung ní Yàbá. Kò sí èyí tó jẹ́ orúkọ ọ̀gá sójà nínú wọn. Orúkọ ilẹ̀ ni wọ́n, ní Bóómà tó ti di Myanmar lónìí, níbi tí àwọn èèyàn wa ti bá ológun Jàpáánù jà nígbà ogun Hítílà. Oṣù January 1945 ni Myohaung bọ́ sọ́wọ́ àwọn tiwa. Ìjọba kọ ọ́ sẹ́nu géètì kó má baà di ìgbàgbé. Nínú ilé ńkọ́?

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, mẹ́dàlì inú àpótí ló kù, àti fọ́tò kan tó ti ṣá, àti àwàdà méjì mẹ́ta nípa bísíkíìtì tó le bí òkúta. Wọ́n á ní bàbá kì í sọ̀rọ̀ ogun. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ délẹ̀. Ẹ wo ohun tí ọmọ máa ń bi wọ́n: "Bàbá, èèyàn mélòó lẹ pa?" Àgbà wo ló máa jókòó láàárín ọmọ àti ọmọ-ọmọ kó máa ka òkú?

Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò yìnbọn rí. Nínú Division 81, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wọ àfonífojì Kaladan ní Bóómà, àìmọye ló jẹ́ pé ẹrù ni iṣẹ́ wọn. Igbó àti òkè kò jẹ́ kí ọkọ̀ bá wọn lọ jìnnà, nítorí náà orí ni wọ́n fi ru ọta, oògùn àti oúnjẹ tí bàálù ń jù sílẹ̀ fún wọn. Ọmọ tó bá ń retí ìtàn ìbọn lẹ́nu irú bàbá bẹ́ẹ̀ kò ní gbọ́ nǹkan kan, á sì rò pé bàbá òun ò rí ogun. Ká ní ó bi í pé, "Ta lẹ jọ ń rù ú? Kí lẹ jẹ nínú ọkọ̀ ojú omi?" ilẹ̀ ìbá ṣú bá wọn níbẹ̀.

Isaac Fádóyèbọ̀, ọmọ Èmùrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà tó wọṣẹ́ ológun. Ẹ̀ka ìtọ́jú aláìsàn ló wà. Ní March 1944, àwọn ará Jàpáánù yọ sí wọn létí odò, ìbọn ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́, kò lè dìde. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman ló fi òun àti David Kargbo, ará Sierra Leone, pa mọ́, tó ń bọ́ wọn títí di December ọdún náà. Ká ní àwọn ará Jàpáánù rí wọn nílé rẹ̀, Shuyiman ò ní bọ́. Fádóyèbọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn náà sílẹ̀. Lẹ́yìn ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún, ó fi lẹ́tà ìdúpẹ́ rán akọ̀ròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan. Shuyiman ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ló gba lẹ́tà náà. Fádóyèbọ̀ fúnra rẹ̀ kú ní 2012. Ẹ kíyè sí i pé gbèsè ọpẹ́ ló wà nínú ìtàn yìí, kì í ṣe iye èèyàn tó kú.

Ẹni tó pé ọdún 18 ní 1944 á ti máa súnmọ́ ọgọ́rùn-ún báyìí, nítorí náà àwọn ọmọ wọn ló kù tí a lè bi. Ẹ má fojú fo àwọn ìyá: ìyàwó ló mọ ohun tí ọkọ ń pariwo lójú oorun. Ẹ tan fóònù, kí ẹ gbà á sílẹ̀. Ẹ yẹ àpótí wò fún ìwé tí wọ́n fún bàbá nígbà tó kúrò níṣẹ́ ológun, torí nọ́ńbà ológun rẹ̀ á wà níbẹ̀.

Ẹni tí tirẹ̀ kò padà bọ̀ ńkọ́? Ní Taukkyan, ní Myanmar, orúkọ àwọn tí kò ní sàréè wà lára ògiri ìrántí, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000, àwọn tiwa sì wà nínú wọn. Ẹ lè wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ Commonwealth War Graves Commission, àjọ tó ń tọ́jú sàréè àti orúkọ àwọn sójà tó kú sógun. Àmọ́ orúkọ ìlú ni akọ̀wé ológun máa ń kọ fún ọ̀pọ̀ sójà dípò orúkọ bàbá wọn. Bí ẹ ò bá rí orúkọ ìdílé yín, ẹ fi orúkọ ìlú yín wá a.