£20 péré

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará ìdálẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà níbí lónìí, ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n Èbúté-Mẹ́ta ni ọkàn mi wà.

Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, ọdún 1970, ni ogun Biafra parí. Gowon, olórí ìjọba ológun, ní kò sí ẹni tó ṣẹ́gun, kò sí ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Àmọ́ nígbà tí àwọn Ígbò dé báńkì, ẹni tó bá ti lo àkáǹtì rẹ̀ nígbà ogun, iye yòówù kó wà níbẹ̀, £20 péré ni wọ́n kà lé e lọ́wọ́. Owó Biafra tó wà lápò wọn ti di bébà lásán.

Télọ̀ Ígbò kan ń gbé nílé màmá-àgbà mi, nítòsí Òyìngbò, kí ogun tó dé. Nígbà tó sá lọ, màmá-àgbà fi aṣọ bo máṣíìnì rẹ̀, wọ́n gbé e sábẹ́ àtẹ̀gùn. Ọkùnrin náà padà dé, ó rù hangogo, ọmọ kan ṣoṣo ló tẹ̀ lé e. Ó jókòó ti máṣíìnì yẹn, ó ń fọwọ́ pa á lára, ó da epo sí i, ó ní, "Màmá, mo lè bẹ̀rẹ̀." Mélòó nínú wọn ló bá máṣíìnì nílẹ̀?

Lọ́dún 1972, ìjọba ṣòfin pé kí àwọn iléeṣẹ́ òyìnbó ta ṣíà, ìyẹn ìpín nínú iléeṣẹ́, fún ọmọ Nàìjíríà. Ta ló fẹ́ fi £20 ra ṣíà?

Awólọ́wọ̀ ni kọmíṣánnà ètò ìnáwó nígbà tí wọ́n san £20 yẹn. Mo fẹ́ràn Bàbá, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wọn ló sọ bàbá mi dèèyàn. Mo sì mọ àwíjàre wọn, pé ìwé báńkì ti sọnù, pé kò sí ẹ̀rí. Síbẹ̀, ìyà ni. Ẹni tí ebi ti fìyà jẹ fún ọdún méjì ààbọ̀ kò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìjọba ológun ló wà lórí oyè, ta ló fẹ́ jáde sí títì? Àwọn Ígbò gbé ìbínú wọn wọnú iṣẹ́. Ọmọdé á sin ọ̀gá fún ọdún bíi mélòó kan, igba boi nìyẹn, ọ̀gá á wá sẹ́tù rẹ̀ kó lè dá dúró. Ẹ wo ọjà Aláàbà, ẹ wo ọjà Ládípọ̀, l'Ékòó. Látìgbà ìbò 2023 ni mo ti ń gbọ́ tí Yorùbá bíi tèmi ń pariwo pé àwọn Ígbò fẹ́ gba Èkó mọ́ wa lọ́wọ́. Ó ń dùn mí wọra.

Ẹ̀yin tí òbí yín bá ẹni tó sá lọ gba owó ilé pamọ́, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀yin tí òbí yín gbà á, tí wọn ò sì dá a padà, tiyín gan-an ni mo fẹ́ gbọ́ jù.