Ìyókù Oògùn Ni Kí Ẹ Máa Bẹ̀rù

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin dókítà àti ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tíátà. Oògùn tó ń dẹ iṣan ara ọmọdé nígbà iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Ohun kan ni mo gbé wá: ìgbà tí iṣẹ́ bá parí ni ẹ̀rù oògùn yìí yẹ kó bà wá jù. Dókítà abẹ ti bọ́ ìbọ̀wọ́, gbogbo ojú ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ìyókù oògùn ṣì wà níbì kan.

Kò kúkú ń kun ọmọ lóorun, kì í sì í pa ìrora. Ibi tí nẹ́ẹ̀fù ti ń jíṣẹ́ fún iṣan ló ń dí. Ọmọ tí a fún láìjẹ́ pé oorun ti wọ̀ ọ́ á gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ, á mọ ọ̀bẹ lára, kò sì ní lè ké. Àwọn kan ṣì wà tó máa ń sọ pé, “Kò mira, ó ti sùn nìyẹn.” Irọ́ ni. Ẹni tí a dè tọwọ́ tẹsẹ̀ kò lè mira, síbẹ̀ ojú rẹ̀ lè wà lójúfò.

Oró ọfà àwọn ará Gúúsù Amẹ́ríkà ni ìran oògùn yìí. Dókítà Harold Griffith àti Dókítà Enid Johnson ló sọ ọ́ di ohun tíátà ní Montreal lọ́dún 1942. Ṣùgbọ́n ìran oògùn tó ń tú u, ìyẹn tó ń mú iṣan padà ṣiṣẹ́, ilẹ̀ wa níbí ló ti ṣẹ̀. Ẹ̀wà Kalabá, èyí tí àwọn Ẹ́fík ń fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn jẹ, inú rẹ̀ ni physostigmine wà. Ní 1900, Jakob Pal rí i ní Vienna pé ó ń borí oró ọfà náà lára ẹranko. Àwòṣe rẹ̀ ni neostigmine tí à ń lò lónìí. Mo fẹ́ràn kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ èyí.

Ẹ jẹ́ ká wọn oògùn fún ọmọ oníkílò 6. Ẹ gbé e sórí ìwọ̀n fúnra yín. Èyí tí wọ́n kọ sínú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára lóṣù méjì sẹ́yìn kò ṣeé gbára lé. Suxamethonium, Scoline lẹ́nu wa, ọ̀kan nínú àwọn oògùn tó ń dẹ iṣan, 2 mg fún kílò kan ni ti ọmọ ọwọ́, bẹ́ẹ̀ 1 sí 1.5 mg ni ti àgbàlagbà. Omi ara ọmọ ọwọ́ ló pọ̀ ju tàgbà lọ, inú omi yẹn sì ni oògùn náà ń tàn ká sí. 12 mg nìyẹn. Ìgò kékeré rẹ̀ jẹ́ 100 mg nínú 2 ml, nítorí náà 0.24 ml péré lẹ fẹ́ fà. Ta ló máa fojú wọn 0.24 nínú sìrínjì 2 ml nígbà tí ọmọ ń dúdú lọ? Ẹ fi omi iyọ̀ pò ó di 10 ml, kí 1 ml jẹ́ 10 mg, kí ẹ wá fún un ní 1.2 ml.

Ẹ ti fa atropine, oògùn tó ń mú kí ọkàn lù kíákíá, sílẹ̀ kó tó di pé ẹ fún un, torí Scoline lè mú kí ọkàn ọmọ máa lù jẹ́jẹ́, pàápàá bí ẹ bá tún un fún un lẹ́ẹ̀kejì. 0.02 mg fún kílò kan já sí 0.12 mg. Ìgò 0.6 mg tí a pò di 6 ml, 1.2 ml náà ni. Ẹ rí i? Iye kan náà, àwọ̀ kan náà, sìrínjì kan náà. Ẹ kọ orúkọ sára wọn kí ẹ tó gbé wọn sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà síbi ìyókù. Ìdí kánúlà, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú iṣan ẹ̀jẹ̀, àti oríta okùn dírípù máa ń mú oògùn díẹ̀ dání. Ká ní 0.2 ml ni, tó sì jẹ́ atracurium, oògùn mìíràn tó ń dẹ iṣan, tí a kò pò, 10 mg nínú ml kan: 2 mg nìyẹn. Ọmọ oníkílò 3, 1.5 mg ni gbogbo ìwọ̀n tó yẹ kó gbà láti dẹ iṣan rẹ̀ pátápátá. Ọmọ yìí jí, ó sunkún, a gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù. Ní wákàtí kan lẹ́yìn náà nọ́ọ̀sì gba ibẹ̀ fún un ní oògùn mìíràn, mímí dá. Nọ́ọ̀sì ọ̀hún kò ṣe nǹkan kan tó burú. Àwa tíátà la fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Gbogbo ẹnu okùn náà ni kí ẹ fi omi iyọ̀ ṣàn nígbà tí tíúùbù tó ń gbé èémí wọlé ṣì wà lọ́fun ọmọ.

Ibí ni nọ́ọ̀sì kan ti nawọ́ láti ẹ̀yìn: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìyókù ti inú ara ńkọ́? Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta iṣan kò sí lọ́dọ̀ wa. Kí la fẹ́ fi mọ̀ pé ó ti kúrò?”

Ìbéèrè yìí ló jẹ gbogbo àkókò tó kù, ó sì yẹ kó jẹ ẹ́. Ẹ̀rọ yẹn ń ta nẹ́ẹ̀fù ọrùn ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2, à sì ń wo àtàǹpàkò. Agbára títa kẹrin gbọ́dọ̀ tó ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ti àkọ́kọ́. Bó bá ti kọjá ìdá 40, ojú lásán kò lè dá ìyàtọ̀ wọn mọ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tó ń kọ nọ́ńbà fi dára jù.

Bí kò bá sí rárá, ẹ má fi mímí nìkan ṣe ẹ̀rí. Iṣan ńlá tó wà láàárín àyà àti ikùn máa ń jí ṣáájú iṣan ọ̀fun. Ọmọ á máa mí dáadáa nínú tíúùbù. Ẹ yọ ọ́ tán, ọ̀fun á wó dí, bẹ́ẹ̀ ọ́síjìn tí ọmọ ọwọ́ ń lò fún kílò kan tó ìlọ́po méjì ti àgbàlagbà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ wò: kó ká méjèèjì sókè sí ikùn, kó sì dì wọ́n mú síbẹ̀. Kó fajú ro. Kó la ojú fúnra rẹ̀.

Àwọn tó ń sọ pé “ìdajì wákàtí ti kọjá, ó ti tán,” ẹ má gbọ́ tiwọn. Vecuronium àti rocuronium, tí àwọn náà ń dẹ iṣan, máa ń pẹ́ lára ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, òtútù sì tún ń fà á gùn, torí náà ẹ bo ọmọ. Níbi tí kò ti sí ẹ̀rọ, gbogbo ọmọ tó bá gba irú wọn tàbí atracurium ni kí ẹ fún ní neostigmine, bó bá ti ń gbìyànjú àtimí: 0.05 mg fún kílò kan, pẹ̀lú atropine. Fún ọmọ wa yẹn, 0.3 mg ni: ìgò 2.5 mg tí a pò di 5 ml, 0.6 ml. Lẹ́yìn náà ẹ dúró. Ó tó ìṣẹ́jú 10 kó tó ṣiṣẹ́ tán. Kì í tú Scoline o, ńṣe ló ń fà á gùn. Sugammadex, oògùn ìtú mìíràn, yára ju neostigmine lọ, 2 mg fún kílò kan, ṣùgbọ́n rocuronium àti vecuronium nìkan ló ń tú. Kò mọ atracurium rí.

Wọ́n ti ń ṣẹ́wọ́ sí mi pé àkókò ti tó. Kíá: ẹ má fún ọmọ tí iná jó ní Scoline bó bá ti ju ọjọ́ kan lọ. Ọmọkùnrin tó pẹ́ kó tó rìn, tí iṣan ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ tóbi, ó lè ní àrùn iṣan, ẹ má fún òun náà ní Scoline: potassium, irú iyọ̀ kan nínú ara, lè ya jáde láti inú iṣan, kí ọkàn dúró. Bó bá ṣẹlẹ̀, calcium ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un bí ẹ ti ń tẹ àyà. Inú fíríìjì ni Scoline ń gbé. Bí iná ọba bá lọ tó sì jáde síta, ọjọ́ 14 ló ní, kí ẹ dà á nù. Ẹ kọ ọjọ́ tó jáde sára páálí rẹ̀.